Irinṣẹ́ wo ni ó tọ́ láti fi fọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá láìba ara rẹ̀ jẹ́?

Arìnnà_Jẹ́ẹ́jẹ́ (ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kí n tó náwó. Mo ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, irú èyí tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó gùn tó mítà 9, tí òrùlé rẹ̀ sì ga ju mítà 3 lọ sí ilẹ̀. Fáíbà-gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rọ́bà EPDM ni wọ́n tẹ́ sórí òrùlé, ike acrylic ni fèrèsé rẹ̀ dípò gíláàsì, sítíkà aláwọ̀ oríṣiríṣi sì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ara mẹ́rin tí kò jọra ni mo ní láti fọ̀ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn ìmọ̀ràn tí mo ti gbọ́ kò bára mu. Ẹnì kan ní kí n ra ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tí ń fi agbára tú omi, pé òun nìkan ni ó lè ká iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ọkọ̀ náà rárá, pé búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́pàá gígùn àti garawa ti tó. Ẹnì kẹta ní aṣọ rírọ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó kan fáíbà, ṣùgbọ́n kò sọ bí ọwọ́ mi yóò ṣe dé òkè. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà, kí ni kí n fi sílẹ̀ pátápátá, báwo ni mo sì ṣe lè dá búrọ́ọ̀ṣì tí kò ní họ ara ọkọ̀ mọ̀?

Baba_Atọ́kọ̀ṣe

Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè náà fúnra yín nígbà tí ẹ sọ pé ara mẹ́rin tí kò jọra ni ẹ fẹ́ fọ̀. Ohun tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yan irinṣẹ́ kí wọ́n tó wo ohun tí irinṣẹ́ náà yóò kàn.

Ohun tí ó ń dán lójú fáíbà-gíláàsì ni wọ́n ń pè ní gelcoat. Ó nípọn ju ọ̀dà ọkọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣá, tí yóò sì máa tú ìyẹ̀fun funfun sí ọwọ́ ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Wáàsì, ìyẹn ìpara tí a fi ń pa ara ọkọ̀ kí ó lè máa dán, ni ó ń dáàbò bò ó. Nítorí náà, ọṣẹ tàbí irinṣẹ́ yòówù tí ó bá ń bó wáàsì kúrò ń dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún yín. Ọṣẹ ìfọwo tí a ń lò ní ilé ìdáná wà lára wọn, nítorí pé tìtorí ọ̀rá ni wọ́n ṣe ṣe é, kò sì mọ ọ̀rá inú abọ́ yàtọ̀ sí wáàsì ara ọkọ̀. Ẹ wá ọṣẹ ìfọkọ̀ tí ìwọ̀n pH rẹ̀ súnmọ́ 7, ìyẹn èyí tí kò kan bí ásíìdì, tí kò sì mú janjan.

Ní ti fèrèsé acrylic, ó rọ̀ ju gíláàsì lọ púpọ̀púpọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kankan kò gbọdọ̀ kàn án, àní bí ó ti wù kí ó rọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i kí eruku ṣàn lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ microfiber (aṣọ rírọ̀ onírun wẹ́wẹ́) mímọ́ àti omi ọṣẹ nù ún láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi ìnu-gíláàsì tí ó ní amóníà tàbí ọtí nínú máa ń mú kí acrylic là wẹ́wẹ́ láti inú wá, èyí kò sì ní àtúnṣe ju pé kí a pààrọ̀ fèrèsé náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ wo ṣóńṣó irun rẹ̀ dáadáa. Irun tí ó dára, wọ́n ti la ṣóńṣó rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó rọ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí omi ọṣẹ dúró nínú rẹ̀. Irun náílọ́ọ̀nù tí wọ́n kàn gé tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì mú, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni ó wà fún. Ẹ fi irun náà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ó bá gún yín, yóò họ gelcoat. Kí ẹ sì rí i pé rọ́bà wà ní etí orí búrọ́ọ̀ṣì náà yíká, nítorí pé igi tàbí ike líle orí rẹ̀ ni ó máa ń gbá ara ọkọ̀ nígbà tí apá bá ti ń rẹ ẹni.

Síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń họ ọkọ̀ jù, yanrìn tí ó há sínú irun rẹ̀ ni. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí yanrìn wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí sáńdípépà. Ìdí nìyí tí mo fi ka garawa méjì sí irinṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Asẹ́ onírọ́bà kan wà tí a máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ garawa, tí yanrìn yóò rì sí abẹ́ rẹ̀ tí kò fi ní tún gòkè wá. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo tí ó ń pa ìdán ọkọ̀ mọ́, òun ni mo máa yàn.

Olùtọ́jú_Òrùlé

Baba ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìrajà láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Òrùlé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà dúdú tí ẹ máa ń rí tí ó ń ṣàn wálẹ̀ láti etí òrùlé kì í ṣe ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́. Rọ́bà EPDM, bí oòrùn ti ń pa á, máa ń tú ìyẹ̀fun láti ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun náà yóò dàpọ̀ mọ́ eruku, èéfín àti oje igi, òjò yóò sì gbá gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó bá fọ ẹ̀gbẹ́ tí ó fi òrùlé sílẹ̀ yóò tún rí ìlà náà lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, á sì máa bínú sí ọṣẹ tí kò ṣẹ̀.

Irinṣẹ́ òrùlé yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì kan náà fún méjèèjì, nítorí ìyẹ̀fun tí mo sọ yìí yóò tẹ̀lé e lọ sí ara gelcoat. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó le díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ ni ẹ nílò, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó le débi pé yóò fá rọ́bà. Ọṣẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní èròjà epo rọ̀bì nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ní omi ìfọ̀dọ̀tí tí wọ́n fún láti ara èèpo ọsàn, nítorí pé EPDM máa ń fa irú èròjà wọ̀nyí mu, yóò wú, yóò sì bó kúrò lára pákó tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò ọṣẹ. Bí kò bá sọ pé ó bá òrùlé rọ́bà mu, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé èyí ni bí ẹ ó ṣe dé òkè. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìlò ọkọ̀ náà láti mọ̀ bóyá òrùlé rẹ̀ lè gba ènìyàn, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè gbà á. Bí àkàsọ̀ bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ìwọ̀n tí ó lè gbé máa ń wà lára rẹ̀ tàbí nínú ìwé ìlò, ẹ má sì gbàgbé láti ka ìwúwo garawa omi mọ́ tiyín. Ní tèmi o, n kì í gun òrùlé tí ó ti tutù fún ọṣẹ, nítorí pé rọ́bà tí ọṣẹ wà lórí rẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an. Fífẹ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sábà ju nǹkan bíi mítà 2.5 lọ, ẹni tí ó bá dúró lórí àkàbà tí ó dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀, tí ó sì di ọ̀pá mítà 2 mú, lè fọ̀ ọ́ dé àárín láti apá kan, kí ó sì yípo lọ fọ ìyókù láti apá kejì. Àkàbà tí a ń fẹ̀yìn rẹ̀ ti ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀rí rọ́bà tàbí fóòmù ní orí, kí ó má bàa tẹ etí òrùlé wọnú.

Kí ẹ tó da omi, ẹ fi ojú wo gọ́ọ̀mù ìdíhò tí ó yí ihò atẹ́gùn, eriali àti páànẹ́ẹ̀lì sólà ká. Bí ó bá ti sán, ẹ dí i ná kí ẹ tó fọ ohunkóhun. Ẹ sì jẹ́ kí omi máa ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fọ òkè, kí omi ìdọ̀tí má bàa gbẹ mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́_Ẹ̀rọ

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tí ó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé orúkọ búburú tí a fún ẹ̀rọ ìfọkọ̀ ti pọ̀ jù. Agbára ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí omi yóò ti le tó nígbà tí ó bá kan ara ọkọ̀: agbára ẹ̀rọ náà tí a ń fi psi wọ̀n, bí omi ti fọ́nká tó láti ẹnu nọ́sù (orí kékeré tí omi ń gbà jáde lára ẹ̀rọ), àti bí ẹnu nọ́sù ti jìnnà sí ara ọkọ̀ tó.

Ẹ̀rọ oníná kékeré tí ó wà láàárín 1,200 sí 1,900 psi ti tó fún ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù tí ó ń tú omi ní 3,000 psi, ilẹ̀ àti ògiri ni kí a fi fọ̀. Ní ti nọ́sù, àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó fi dá a mọ̀: pupa máa ń tú omi ní ìlà tóóró kan ṣoṣo, ìyẹn dígírì 0, kò sì yẹ kí ó kan ọkọ̀ kankan, yẹ́lò jẹ́ 15, àwọ̀ ewé 25, funfun 40, dúdú sì ni ti ọṣẹ. Funfun ni kí ẹ lò. Ẹ dúró ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà 1, kí ẹ má fi dúró sí ojú kan, kí ẹ sì da omi láti òkè wálẹ̀. Ẹ má ṣe tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí pé láti òkè wá sísàlẹ̀ ni àwọn tí ó kan ọkọ̀ retí pé òjò yóò ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ìdáàbòbò sí.

Àǹfààní tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni ti omi. Ẹ̀rọ oníná kékeré kì í lò ju líta 5 tàbí 7 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí họ́ọ̀sì tí a ṣí sílẹ̀ lásán lè tú ju 20 lọ. Ẹni tí ó bá sì fi ìgò ìfóòmù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà lè fi ìfóòmù bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú bíi 5, kí ọ̀pọ̀ eruku sì ti rọ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Ṣé èyí kò bá ohun tí Baba sọ nípa yanrìn mu?

Baba_Atọ́kọ̀ṣe

Ó bá a mu, àbúrò mi, mo sì fara mọ́ ọn lórí ìfóòmù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ara ọkọ̀ ìgbafẹ́ jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé. Ọkọ̀ kékeré jẹ́ irin tí wọ́n jó pọ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ jẹ́ àkójọ ojú ìpàdé: ìgun, fèrèsé, ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rùsí, ihò atẹ́gùn fíríìjì, ihò èéfín ẹ̀rọ amúlé-gbóná, iná ẹ̀yìn, àti gbogbo ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò fún skúrù. Gọ́ọ̀mù ni ó dí gbogbo rẹ̀. Ẹnu nọ́sù funfun ní mítà 1 kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kòkòrò tí ó ti gan mọ́ iwájú ọkọ̀ yóò mú kí ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú súnmọ́ ọn díẹ̀, yóò tún súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i, agbára omi sì máa ń ga kíákíá bí a ti ń súnmọ́ ọn.

Bí omi bá gba ojú ìpàdé wọlé, ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, fáíbà náà jẹ́ awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Omi tí ó bá dé ààrin wọn yóò tú gọ́ọ̀mù náà, ẹ ó wá rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ara ọkọ̀ ti wú ní ojú kan, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń gba kí a gé ògiri náà. Nítorí ewu yìí, èrò mi ni pé kí ẹni tí kò tíì mọ ojú ìpàdé ọkọ̀ rẹ̀ lórí má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Bí ó bá ti ní i tẹ́lẹ̀, kí ó fi fọ táyà, abẹ́ ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹrẹ̀ wà, kí ó sì jẹ́ kí ó jìnnà sí etí sítíkà, ihò atẹ́gùn àti òrùlé rọ́bà. Ìgò ìfóòmù tí a ń fi mọ́ họ́ọ̀sì lásán wà. Ìfóòmù rẹ̀ kò nípọn tó ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ń rọ eruku.

Ọ̀rẹ́_Ẹ̀rọ

Mo gbà, Baba. Ojú ìpàdé ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣì dúró lórí pé ẹ̀rọ kékeré pẹ̀lú nọ́sù funfun kò burú fún ẹni tí ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ń ra nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ ohun tí a ó rà kẹ́yìn.

Ìyá_Arìnrìnàjò

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá, nítorí pé ọkùnrin gíga ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí rẹ̀, wọn kì í sì í rántí pé irinṣẹ́ tí ó bá wúwo jù lọ́wọ́ ẹni kò ní fọ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀pá tí ó gùn jù kì í ṣe èyí tí ó dára jù. Fún òrùlé tí ó ga ju mítà 3 lọ, ènìyàn tí kò ga tí ó di ọ̀pá tí ó lè gùn dé mítà 2.5 mú yóò dé etí òrùlé láìgun ohunkóhun. Bí ọ̀pá bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ yóò máa mì, ẹ kò ní lè darí bí ó ti ń tẹ ara ọkọ̀, ẹ ó sì máa fi gbogbo ìwúwo ara tì í. Ẹ di ọ̀pá náà mú kí ẹ tó rà á, ẹ fà á gùn dé òpin, ẹ gbé e sókè kọjá orí fún ìṣẹ́jú kan. Bí apá yín bá ń gbọ̀n, ẹ wá èyí tí ó fúyẹ́ tàbí èyí tí ó kúrú, kí ẹ sì wá pèpéle ìdúró tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí a lè ká pọ̀. Lórí pèpéle tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50, ọ̀pá kúkúrú ti tó, èyí tí ó wà lórí pèpéle sì lè rìn láti apá kan dé èkejì láìsọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ó ti máa ń rí lórí àkàbà.

Ọ̀pá kan wà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá sí orí búrọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé omi tí ó ń ṣàn láìdúró yìí ni ó ń gbá yanrìn jáde kúrò nínú irun, kò sì sí pé ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí garawa ní gbogbo ìṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ yẹ ohun méjì wò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí kọ́ọ̀kì ìtimi wà nídìí ọ̀pá níbi tí ọwọ́ yín wà, kí ẹ má bàa máa sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Èkejì, ẹ yẹ ibi tí ọ̀pá ti ń fà gùn wò: ìdè onílílọ́ tí kò dára máa ń yọ̀ nígbà tí ọṣẹ bá dé ara rẹ̀, tí ọ̀pá yóò fi kúrú lójijì, tí orí búrọ́ọ̀ṣì yóò sì gbá fèrèsé. Èyí tí ó ní ìdè aláfàtì tàbí ihò ìtìbọ̀ ni ó dáa.

Orí tí ó ṣe é pààrọ̀ sì tún sàn. Ọ̀pá kan, orí mẹ́ta: búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fún ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó le díẹ̀ fún òrùlé, àti orí tí a fi aṣọ microfiber bò fún òkè fèrèsé àti fún fífi wáàsì pa ibi gíga.

Amúná_Dúró

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní lórí ọ̀pá. Alumíníọ̀mù àti káábọ̀n-fáíbà máa ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná kọjá. Ẹ gbójú sókè wo bóyá wáyà iná kọjá lórí ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí kí ẹ tó fa ọ̀pá gùn, pàápàá bí ẹ bá dúró lórí àkàbà. Ọ̀pá fáíbà-gíláàsì wúwo díẹ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kì í gbé iná bí ó bá gbẹ tí ó sì mọ́. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ tàbí lára rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ibi tí wáyà kò sí ni kí ẹ ti fọ ọkọ̀.

Arìnnà_Jẹ́ẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ohun tí mo fẹ́ rà, mo sì gbé garawa méjì, ọ̀pá mítà 2.5 tí omi ń gba inú rẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì méjì sókè. Ìṣòro kan ṣì kù. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí a máa ń gbé ọkọ̀ sí nígbà ìrìn-àjò kò fàyè gba kí ènìyàn fi họ́ọ̀sì fọ ọkọ̀, yálà nítorí pé omi kò pọ̀ tàbí nítorí omi ọṣẹ tí ń ṣàn wọ gọ́tà. Kí ni mo lè ṣe bí kòkòrò àti eruku bá bo iwájú ọkọ̀, tí mo sì ṣì wà lójú ọ̀nà?

Omi_Díẹ̀_Tó

Ọṣẹ tí a kì í fi omi ṣàn kúrò ni ẹ ń wá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń bo eruku yíká, yóò sì jẹ́ kí ó yọ̀ kúrò lára ọkọ̀ sínú aṣọ láìhọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a máa ń pò ní ìwọ̀n 1 sí 256, ìyẹn nǹkan bíi mílílíta 30 sínú omi líta 8, ṣùgbọ́n ohun tí ìgò tiyín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Omi tí ó ń bọ́ sílẹ̀ kò ju ẹ̀kán lọ.

Aṣọ ni irinṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀nà yìí. Aṣọ microfiber tí irun rẹ̀ gùn ni kí ẹ rà, kí ó pọ̀. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí ojú mẹ́jọ lè wà tí ẹ ó fi nu nǹkan. Ẹ fi ojú kan nu apá kékeré kan láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ yí i sí ojú mìíràn, ẹ má sì ṣe ti aṣọ tí ó ti dọ̀tí padà sínú garawa. Fún ọkọ̀ mítà 9, aṣọ 10 sí 15 kò pọ̀ jù. Ẹ máa fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ sí aṣọ òwú, kí ẹ má sì fi ọṣẹ tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, nítorí pé ó máa ń dí irun wẹ́wẹ́ tí ó ń gbé eruku.

Ọ̀nà yìí kò wà fún ẹrẹ̀. Bí ẹrẹ̀ tàbí yanrìn bá ti gan mọ́ ara ọkọ̀, ẹ má fi aṣọ kàn án rárá, ẹ dúró di ibi tí omi wà. Ní ti kòkòrò iwájú ọkọ̀, ẹ kì aṣọ bọ omi ọṣẹ náà, ẹ fi lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 10, kí ó rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tètè ṣe é kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yan án mọ́ ọn, ẹ kò ní nílò láti ha á.

Ìyá_Arìnrìnàjò

Kí a má gbàgbé irinṣẹ́ ìgbẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ sí. Omi líle, ìyẹn èyí tí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ lójú oòrùn, àmì náà sì máa ń hàn lórí fèrèsé àti páànẹ́ẹ̀lì sólà ju ibi mìíràn lọ. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í náni ní ohunkóhun: ẹ fọ ọkọ̀ níbi tí òjìji wà, nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù, kí ẹ fọ ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ohun ìfami olórí sílíkónì rírọ̀ tí ó lè wọ orí ọ̀pá yín, kí ẹ sì máa fi aṣọ nu etí rẹ̀ lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹyọ yanrìn kan lábẹ́ rẹ̀ yóò fa ìlà gígùn kan láti òkè délẹ̀. Lórí fèrèsé acrylic, aṣọ ni mo ń lò, n kì í fi ohun ìfami kàn án.

Asẹ́ omi tí ń yọ èròjà líle kúrò wà, a sì máa ń so ó mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì. Ó dára, àmọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń tètè tán níbi tí omi bá ti le gan-an. Bí ẹ bá rà á, ẹ fi ṣan ọkọ̀ nígbà ìkẹyìn nìkan.

Baba_Atọ́kọ̀ṣe

Táyà àti rímù gbọ́dọ̀ ní garawa àti búrọ́ọ̀ṣì tiwọn, tí kò ní kan ohun mìíràn láé, nítorí ìyẹ̀fun irin tí ń bọ́ lára bíréèkì. Aṣọ ìbòòji ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ tí kò gbóná ti tó fún un. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa ní títẹ́ kí ẹ tó ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hu èébu.

Arìnnà_Jẹ́ẹ́jẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ló kù. Ìlà dúdú tí ó ti wà lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọṣẹ. Ẹnì kan fún mi ní kànìnkànìn funfun tí a fi ń nu àmì lára ògiri ilé, ó sì mú ìlà náà kúrò níbi kékeré tí mo ti dán an wò. Ṣé mo lè fi ṣe gbogbo rẹ̀?

Olùtọ́jú_Òrùlé

Ẹ dúró ná, ẹ má fi ṣe gbogbo rẹ̀. Melamine ni wọ́n fi ṣe kànìnkànìn yẹn, fífá ni ó sì ń fá nǹkan, bí ó tilẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́. Bí ó ti ń mú ìlà dúdú kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú wáàsì àti ìdán gelcoat kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbẹ ibi kékeré tí ẹ ti lò ó, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó nínú ìmọ́lẹ̀; bí ó bá ti ṣá ju àyíká rẹ̀ lọ, ẹ fi pólíìṣì díẹ̀ àti wáàsì dá a padà.

Fún ìyókù, ẹ ra omi ìyọ̀là-dúdú tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹ fọ́n ọn sí ara aṣọ microfiber dípò ara ọkọ̀, kí ó má bàa ṣàn sórí sítíkà tàbí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ó kan ìlà náà fún ìwọ̀n ìgbà tí ìgò bá sọ, kí ẹ sì nù ún kúrò láìtẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣan ibẹ̀, ẹ sì tún fi wáàsì pa ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé omi yìí náà máa ń bó wáàsì. Níbi tí wáàsì bá ti wà dáadáa, ìlà tí ó bá tún ṣàn wá kò ní lè wọlé, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ẹ fẹ́ rà yẹn yóò sì mú un kúrò.